Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń polongo yẹn ló ń pa ọmùtí

Ìwé ìkéde kan tún ti ń yí ká WhatsApp láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú sìgá lọ́wọ́ ní apá òsì, òun náà ló wọ kóòtù tó ń rẹ́rìn-ín ní apá ọ̀tún. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: "Ọjọ́ mẹ́ta péré! Ààwẹ̀ gbígbẹ, omi ò ní kan ẹnu. Ẹ̀mí ọtí, ẹ̀mí igbó, ẹ̀mí trámọ̀, gbogbo wọn á fò jáde!" Orí òkè àdúrà kan ní apá Gúúsù Kwara wa níbí ni wọ́n ní ká gbé àwọn ọmọ wá. Ká má tíì sọ̀rọ̀, àáfáà kan nígboro Ìlọrin ti gbé tirẹ̀ náà jáde: rúkíyà (kíka Kùránì lé aláìsàn lórí), hàntú (omi tí wọ́n fi fọ Kùránì kúrò lára wàláà), ààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lòun náà dá.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ bá wí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó máa bínú lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọtí ṣe é. Ẹ mú awakọ̀ kan tó ti ń fi paraga fọ ẹnu ní gáréèjì láàárọ̀ kùtù fún ọdún mẹ́wàá. Ọtí máa ń mú ọpọlọ rọlẹ̀. Ọpọlọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ti kọ́ bó ṣe máa fi kún eré tirẹ̀ kó má baà sùn lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣàdédé já ìgò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó ń fà á sẹ́yìn ti kúrò, eré ò sì tíì dúró. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kìkì, èébì á dé, oorun ò ní wá. Láti wákàtí 6 títí di 48, gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀. Láti wákàtí 48 sí 72, nígbà mìíràn títí dé ọjọ́ kẹrin, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara á gbóná janjan, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmùtí ló ń dé ìpele yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ibẹ̀ láìsí ìtọ́jú lè kú.

Ẹ wá bá mi ka ọjọ́ náà. Ká ní alẹ́ Ọjọ́rú ló mu ìgò ìkẹyìn. Wọ́n gbé e gun òkè láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, wọ́n ní òtútù òkè ni. Ọ̀sán Ẹtì, ó ṣubú, ó gan, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní wárápá ìdílé ló fara hàn. Alẹ́ Ẹtì mọ́jú Sátidé ni àìsùn ńlá, ìlù ń dún, wákàtí 48 ti pé. Ó ń gbọn kòkòrò kúrò lára ẹ̀wù, kò sì sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó ń dá ìyá rẹ̀ tó ti kú lóhùn. Gbogbo ìjọ pariwo pé ẹ̀mí náà ti ń jẹ́wọ́. Ẹnìkan lọ mú pàṣán, ẹnìkan lọ mú okùn. Ohun tí wọ́n ń na ní pàṣán yẹn, àwọn dókítà ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́tipẹ́, delirium tremens ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n kọ sórí ìwé ìkéde yẹn ló sì bọ́ sí ojú ibi tó léwu jù lọ gan-an.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹni tí kò bá kú, ara rẹ̀ á rọlẹ̀ ní bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje. Ara ló tún ara rẹ̀ ṣe. Á wẹ̀, á wọ funfun, á gba gbohùngbohùn, á jẹ́rìí. Ẹni tó bá kú, wọ́n á ní wọn ò tètè gbé e wá. Níbo ni ẹ ti fẹ́ rí òkú tó ń jẹ́rìí?

Ti ààwẹ̀ gbígbẹ ló wá burú jù. Ẹni tó ń làágùn tó tún ń bì, omi ń tán lára rẹ̀, ẹ sì ní kó má mu omi. Ọmùtí kì í jẹun dáadáa, fítámì B1 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀ kó tó gun òkè. Tó bá wá di ìgbà ìṣínu, wọ́n á gbé malt tútù méjì fún un kí agbára lè dé. Ṣúgà yẹn lè fa ìwọ̀nba B1 tó kù, ọpọlọ á wá ṣaláìní. Ojú á máa yí gbirigbiri, ẹsẹ̀ á máa ta gẹ́gẹ́, iyè á ra. Òmíràn ò ní rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ títí láé. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi máa ń gún un ní abẹ́rẹ́ B1 kí wọ́n tó fa omi oní-ṣúgà sí i lára. Wọ́n á fún un ní Valium tàbí irú rẹ̀ tí yóò rọ́pò ohun tí ọtí ń ṣe, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, nọ́ọ̀sì á máa wá wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ̀n. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Trámọ̀, ìyẹn oògùn ìrora tramadol, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìwọ̀n tí òfin gbà nílẹ̀ yìí kò ju mílígíráàmù 100 lọ, ṣùgbọ́n 225 àti 250 ni wọ́n ń tà lábẹ́ tábìlì. Ọmọ tó bá gbé 225 méjì mì lóòjọ́ ti kọjá 400, ibẹ̀ sì ni gìrì ti máa ń pọ̀ sí i. Tó bá dá a dúró, ojú á máa ṣomi, ihò imú á máa dà, egungun á máa ro ó, ìgbẹ́ gbuuru á dé, á le jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, á sì rọlẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn fúnra rẹ̀ kì í sábà pani. Àìrómi mu nínú ìgbẹ́ gbuuru ló ń pani. Lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gbá orí rẹ̀ dọ́gba, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè gbàdúrà sínú rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kó mu ún.

Ikú ti trámọ̀, ẹ̀yìn ìdáǹdè ló máa ń wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé àdúrà, ara rẹ̀ ti gbàgbé oògùn. Ó padà sígboro, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdé, ó lo iye tó máa ń lò tẹ́lẹ̀, ó sùn, èémí dúró. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún un kó tó kúrò pé iye tí kò ṣe é ní nǹkankan lóṣù tó kọjá lè pa á báyìí. Gbólóhùn kan péré ni.

Rohypnol àti Valium, àwọn oògùn tó ń múni sùn, dà bí ọtí, ẹ má ṣe já a gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi ń dín in kù. Igbó nìkan? Á máa kanra, oorun á ṣòro fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn, ẹ máa gbé e gun òkè yín lọ, kí omi ṣáà wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi báyìí, àwọn tó gbà pé ẹ̀sìn ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ rọra. Oògùn tí mo kà sílẹ̀ yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ọdún tó kù ńkọ́? Ilé ìwòsàn á dá a padà sí gáréèjì kan náà, sí ìdí paraga kan náà. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti wúlò. Ní 1935, ní Akron ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmùtí méjì kan bẹ̀rẹ̀ Alcoholics Anonymous, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni kí èèyàn gbà pé agbára kan wà tó ju tòun lọ. Ní 2020, wọ́n kó ìwádìí 27 lórí irú ètò yìí jọ, èèyàn tó lé ní 10,000 ló wà nínú wọn. Tó bá jẹ́ ti ká jáwọ́ pátápátá, àwọn tí wọ́n tọ́ sọ́nà sínú rẹ̀ kò rẹ̀yìn sí àwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe dáadáa jù wọ́n lọ níye ìgbà.

Kò sì ṣòro láti rí ohun tó fà á. Ẹni tó máa kírun Súbùhì ní jámọ́ọ̀ kò lè sùn di aago mẹ́sàn-án. Tí kò bá sí ní sàfù, ìlà ìrun, ní ọjọ́ méjì, ẹnìkan á béèrè rẹ̀. Ìgbáradì ẹgbẹ́ akọrin ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé bọ́ sí wákàtí tí ọtí máa ń pè é gan-an. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n nìyẹn, àti ẹnìkan tó ti gba ọ̀nà náà kọjá tó máa gbé fóònù láago mọ́kànlá òru. Ìpele karùn-ún nínú ìpele méjìlá àwọn Alcoholics Anonymous ní kí èèyàn jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ fún Ọlọ́run, fún ara rẹ̀, àti fún èèyàn kan. Ẹnìkan o! Àwa ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kejì, a ti gbé e sórí pẹpẹ, fídíò rẹ̀ ti wà lórí Facebook. Tó bá tún mu ún ní oṣù kẹta, báwo ló ṣe máa padà wá sọ? Á fara pamọ́. Bẹ́ẹ̀, ìṣubú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí, ẹni tó bá tètè sọ ọ́ ló ń tètè dìde.

Àwọn ìwé tí a gbé lọ́wọ́ náà ò sì ti ọjọ́ mẹ́ta yìí lẹ́yìn. Súrátù Bákárà, ẹsẹ 184, ní kí aláìsàn ka ọjọ́ mìíràn gba ààwẹ̀. Ọtí fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni èèwọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀: wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ, wọ́n ní ká má sún mọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá wà lójú wa, lẹ́yìn náà ló tó di èèwọ̀ pátápátá. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà tó ní kí òun kú, áńgẹ́lì ò bá a wí. Oúnjẹ àti omi ló gbé síwájú rẹ̀, ó sùn, ó tún jí i kó tún jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó rin ogójì ọjọ́.

Mi ò ní kí wọ́n ti ilé àdúrà pa. Èyí tó ń de èèyàn ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nìkan ni kí wọ́n tì. A kà á nígbà tí ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 300 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Rìgásà ní Kàdúná ní 2019, a ní ti Hausa nìyẹn. Oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n kó 259 jáde ní Òjòó n'Ìbàdàn. Àwa ará Ìlọrin náà ò lè na ìka sẹ́nikẹ́ni: ilé iṣẹ́ oògùn mẹ́ta tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, tì nítorí oògùn ikọ́ oníkodíìn ní oṣù karùn-ún 2018, méjì nínú wọn, ìlú wa níbí ni wọ́n wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje, onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan kan wò n'Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Aláìsàn 307 ni. Àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe ti oògùn olóró, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ bá a mu. Wọn ò kó aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ wòlíì àti babaláwo. Òṣìṣẹ́ ìlera ló ń lọ bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn, onílé náà ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ara àwọn yẹn yá ju ti àwọn tí wọn ò ṣe é fún lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin àáfáà, ìbéèrè mẹ́rin ni mò ń tọrọ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó tẹ́ ẹní fún un. Kí ló ń lò, gbogbo rẹ̀? Ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn? Ṣé gìrì ti mú un rí? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu? Tí ó bá jẹ́ ọtí tàbí Rohypnol, tó sì ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú méjì tó kẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ gbàdúrà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, kí ẹ gbà á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rù tún ń ba àwọn òbí pé NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, á mú ọmọ. Àwọn NDLEA fúnra wọn ní ẹ̀ka tó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn.

Ọ̀kan ló kù tí mi ò tíì rí ojú rẹ̀ dáadáa, ìbúra. Nílùú yìí, òbí á gbé Kùránì síwájú ọmọ pé kó búra. Mo kórìíra rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣubú lẹ́yìn rẹ̀ á gbà pé òun ti ba tòun àti Ọlọ́run jẹ́ pátápátá, á wá máa lò ó bí ẹni tí kò ní ohun tó máa pàdánù mọ́. Ẹ sì wò ó: nínú Súrátù Máídà, ẹsẹ 90 ló ka ọtí léèwọ̀, ẹsẹ 89 tó ṣáájú rẹ̀ ló sọ ohun tí ẹni tó da ìbúra máa ṣe. Kó bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kó wọ̀ wọ́n láṣọ, tàbí kó dá ẹrú sílẹ̀, ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta (nígbà tí ara bá ti yá o). Kò sẹ́ni tó ń ka ẹsẹ 89 fún ọmọ náà.

Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìbúra yẹn nìkan ló dì wọ́n mú títí dòní, ẹ̀rù rẹ̀ ni. Tí a bá ka ẹsẹ 89 fún wọn kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ṣé á ṣì dì wọ́n mú, àbí wọ́n á kà á sí owó tí wọ́n lè máa san? Tí a bá sì dúró dìgbà tó bá ṣubú, ṣé á jẹ́ ká rí òun kà á fún? Ẹ̀yin àáfáà tí ẹ ń ka èyí, èwo lẹ máa ń kọ́kọ́ sọ?