Orí Kejì: Ìwọ Ńkọ́, Kí Lo Rí sí I?

Èrò ọkàn mi nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi wí lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orí kejì, ìyẹn ibi tí a ti ń ṣàgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wa nínú ìwé àpilẹ̀kọ, tí àwa tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Èkó yìí ń kọ, ẹni tó kọ ọ́ kò sí nínú rẹ̀. Lágbájá (1998) sọ pé báyìí ni. Tàmẹ̀dò (2005) ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Lákáṣègbè (2011) tún fi tiẹ̀ kún un. Ojú ewé á di ogójì, á di ọgọ́ta, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ ohun tí akọ̀wé fúnra rẹ̀ rò. Tó bá wá di ọjọ́ difẹ́ǹsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò, olùyẹ̀wò tí wọ́n pè láti ìta á bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "O ṣeun. Gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀. Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?" Ẹ̀rọ amúlétutù á máa ṣiṣẹ́, òógùn á sì bo ọmọ ẹni.

Bí ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ṣe rí lójú tèmi. Ìjà ti ń lọ lọ́wọ́ kéèyàn tó dé. Ẹni tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ jókòó, á gbọ́ ẹni tó ń bá ẹnìkan jà, á mọ ibi tí wọ́n ti fẹnu kò àti ibi tí ọ̀rọ̀ há sí. Bó bá kàn án láti sọ̀rọ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí bàbá kọ̀ọ̀kan ti sọ láti òwúrọ̀ sọ. Wọ́n á ní kó jókòó.

Ọ̀rọ̀ ilé ní Èkó ni mò ń kà, òun náà ni n ó fi ṣàlàyé. Ní 1928, nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa èèyàn, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Nígbà tó di 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan, Peter Marris, ṣèwádìí lórí rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ìwé àpilẹ̀kọ tó bá ti kan lílé èèyàn kúrò nílé ní Èkó, agbára káká ni orúkọ Marris kò fi ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni wọ́n máa ń fún un: Marris (1961) ní kíkó èèyàn kúrò lójú ilé rẹ̀ kò dára. Ó parí.

Ṣé ohun tó sọ nìyẹn? Àwọn tó ṣì wà ní Erékùṣù àti àwọn tó ti dé Sùúrùlérè ni ọkùnrin yìí lọ bá sọ̀rọ̀, ó sì fi tàwọn méjèèjì wéra. Ilé tuntun yẹn kì í ṣe ilé burúkú. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ìsúnmọ́ra: ẹbí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ ti fọ́n ká, ọjà ìyálọ́jà kò tà mọ́ bíi ti Erékùṣù, owó ọkọ̀ sì tún wọ inú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ àjọṣe àti àtijẹ ló ń sọ. Ẹ wá gbé Sandra Barnes kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó kọ ìwé lórí Muṣin ní 1986. Ohun tí Barnes rí níbẹ̀ ni pé àwọn tó tibi gbogbo wá dá àjọṣe mìíràn sílẹ̀ fúnra wọn: onílé di ẹni tí ayálégbé ń sá bá, ó di bàbá ìsàlẹ̀, ìṣèlú àdúgbò sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè ti yọ jáde níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí ìjọba ológun wó àdúgbò Maroko ní Èkó ní oṣù keje ọdún 1990, tí wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Ìlasàn àti Ìkọtà, ṣé àdánù tí Marris rí ló bá wọn, àbí wọ́n tún irú okùn tí Barnes rí so? Ìwé méjì tí mo kà dé ìparí ló fún mi ní èyí. Ogójì tí mo kàn yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ wọn wò kò fún mi ní nǹkan kan.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn máa kọ orúkọ ìwé tí kò fojú rí. Á ṣí àpilẹ̀kọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀, á da orúkọ àwọn òǹkọ̀wé inú rẹ̀ kọ, pẹ̀lú àṣìṣe ọdún tó wà níbẹ̀. ChatGPT tún ti wá dá kún un báyìí: á ṣẹ̀dá ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti orúkọ jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn ọ̀mọ̀wé), á sì dùn ún kà. Ìwé tí ẹ kò bá lè ṣí, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Google Scholar, tí a fi ń wá iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wúlò, n kò bá a jà. Ẹ wo àwọn ìwé tí iṣẹ́ kan tọ́ka sí, kẹ́ ẹ sì tẹ ibi tí ó ti ń fi àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ hàn yín. AJOL (African Journals Online) náà wà fún jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sábà gbé J. B. Losi, ẹni tó kọ ìtàn ìlú yìí jáde ní 1914, síwájú. Kì í gbé ìwé ìròyìn Yorùbá bí Akéde Èkó síwájú, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Èkó ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìlú wọn nínú rẹ̀ kí Marris tó dé. Ẹ̀ka Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè wà ní Yábàá, fáìlì ìjọba amúnisìn lórí Èkó sì wà ní Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ ni yóò ná yín. Ẹni tó bá ní ìwé ìròyìn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, kó wá bá mi jiyàn níbí; àyè wà.

Ẹ má sì dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ka gbogbo ìwé tán kẹ́ ẹ tó kọ̀wé. Gbogbo ìwé kò ní tán láéláé. Lọ́jọ́ tí mo bá ka ọ̀kan tán ni mò ń kọ ìpínrọ̀ kan: kí ni òǹkọ̀wé yìí ń wá, báwo ló ṣe wá a, ta ló ń bá jiyàn, ibo ni n kò ti gbà fún un. Inú Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé, ni mò ń kó o sí, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àlàfo náà ńkọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n ní àwọn tó ṣáájú kò tíì ṣe? "Kò tíì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ ní Ìkòròdú." Ó dáa, kí ló wà ní Ìkòròdú tó lè yí ohun tí a ti mọ̀ padà? Bí kò bá sí ìdáhùn, kì í ṣe àlàfo, orúkọ àdúgbò lásán ni.

Bí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ yín bá ní dandan ni kó pé ọgọ́ta ojú ewé, ẹ kọ ọ́ fún un. Ẹ má bá ọ̀gá jà lórí ojú ewé nígbà tí fọ́ọ̀mù yín ń dúró de ìbuwọ́lù rẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé tiyín ni gbólóhùn tó ṣáájú ní ìpín kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ ẹlòmíràn tó máa wọlé.