Ogún fíìmù nínú àwo kan

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ní ọjà Àlàbá ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo gbéra láti Ṣómólú, mo wọkọ̀ dé Òṣòdì, mo tún wọ òmíràn dé Mile 2 kí n tó rí èyí tó gbé mi dé Ọ̀jọ́, nítorí pé ẹ̀rọ DVD ilé mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "No Disc" sójú tẹlifíṣọ̀n bí àwo tilẹ̀ há a lẹ́nu, mo sì ti fi òwú àti sípírítì nu ojú lẹ́ńsì rẹ̀ títí ó fi sú mi. Ẹ̀rọ DVD mìíràn ni mo bá lọ, n kò bá nǹkan mìíràn lọ. Ọmọkùnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, DVD kẹ̀? Ẹ ṣì ń wo DVD? Àwòrán rẹ̀ kì í dára, ó máa ń rí bàìbàì. 4K ni wọ́n ń wò báyìí o. Ẹ jẹ́ kí n gbé Blu-ray fún yín, kí ẹ lè gbádùn tẹlifíṣọ̀n yín." (Blu-ray ni irú àwo tó dé lẹ́yìn DVD, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ; 4K ni èyí tó tún mọ́ jù ú lọ.) Iye tó dárúkọ lé ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì pọ̀.

Owó yẹn kọ́ ló bí mi nínú, nítorí pé ẹni tó bá lọ sí Àlàbá tí iye ọjà ń bí i nínú kò tíì mọ ọjà ná. Ohun tó dùn mí ni pé ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi náà ti ń sọ gbólóhùn kan náà, pé àwòrán DVD kì í dára, tí mo sì gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú ara mi ni mo fi rí i. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni mo tó mọ̀ pé n kò tíì wo DVD rí láyé mi, ó sì dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí kò tíì wò ó rí.

Ẹ rántí ohun tí a ń pè ní DVD nílùú Èkó. Lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, ní Òṣòdì, àti nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà máa ń nà án sí wa lójú fèrèsé ọkọ̀: àwo kan ṣoṣo nínú ọ̀rá, pẹ̀lú bébà aláràbarà tí wọ́n to orí àwọn òṣèré jọ sí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ogún fíìmù ló wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, òṣèré tí orí rẹ̀ tóbi jù lójú bébà náà kò sí nínú ìkankan nínú ogún fíìmù ọ̀hún. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ púpọ̀ nípa bébà yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹnu mi kò sì sí níbẹ̀.) Èrè ńlá la kà á sí nígbà náà, pé a rí ogún fíìmù rà ní owó fíìmù kan, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó jókòó ṣírò rẹ̀.

Mo ti wá jókòó ṣírò rẹ̀. 4.7 GB ni àwo DVD onípele kan ń gbà, onípele méjì sì ń gba 8.5 GB. Ẹni tó bá ṣe fíìmù jáde bó ṣe yẹ lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú àyè yẹn fún fíìmù kan ṣoṣo. Bí a bá pín 4.7 sí ọ̀nà ogún, 0.235 GB ni yóò kan fíìmù kọ̀ọ̀kan, kódà bí àwo onípele méjì ni wọ́n lò, kò ní tó ìlàjì GB kan. Àwòrán àti ohùn wákàtí méjì ni wọ́n rọ́ sínú àyè bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń rọ́ èrò sínú mólúè ìrọ̀lẹ́, àwa sì ń bínú pé aṣọ àwọn èrò rún.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló yẹ kó ti là mí lójú tipẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí oníbàárà kan kì í gbé fóònù wá bá mi pẹ̀lú àwòrán olóògbé tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dé ọwọ́ àbúrò, láti ọwọ́ àbúrò dé ọwọ́ àna, tí yóò sì ní kí n fi ṣe bánà ẹsẹ̀ mẹ́wàá fún ìsìnkú. Mo máa ń ṣàlàyé títí ọ̀fun mi yóò fi gbẹ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè tẹ ohun tí kò sí nínú fáìlì, pé bí a bá fa àwòrán kékeré gbòòrò, àwọn àmì tíntìntín inú rẹ̀ ni yóò kàn fẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Bí bánà náà bá ti jáde, ẹ̀rọ mi ni wọn yóò sọ pé kò dára. Wọ́n ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ fáìlì ka ẹ̀rọ lórí, inú sì máa ń bí mi, láìmọ̀ pé ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni èmi ń ṣe sí DVD nínú pálọ̀ mi.

Bàbá Ìbejì tó ń gbé ní òdìkejì títì ló tú àṣírí náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ 4K Blu-ray kan bọ̀ nígbà tí wọ́n ń ti Jámánì padà wálé, mo sì lọ sọ́dọ̀ wọn lálẹ́ láti bi wọ́n bóyá òótọ́ ni ohun tí ọmọ Àlàbá wí. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n padà lọ sílé lọ mú èyíkéyìí tó bá wù mí wá nínú àwo tèmi. Ogún-nínú-ọ̀kan tí mo fẹ́ràn jù ni mo mú wá, ẹ̀rọ náà sì gbà á láìjanpata, nítorí pé DVD, Blu-ray àti 4K ní ìwọ̀n kan náà, sẹ̀ǹtímítà méjìlá ní fífẹ̀, ẹ̀rọ tuntun sì máa ń ka ti àtijọ́ mọ́ tirẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá yẹn, ojú òṣèré náà kò yàtọ̀ sí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá yí orí padà, imú rẹ̀ a dúró díẹ̀ lẹ́yìn kí ó tó tẹ̀ lé e.

Bàbá Ìbejì yọ àwo náà, wọ́n fi òmíràn sí i. Gbogbo ohun tó hàn níbẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ èdè Jámánì, wọ́n sì ń tẹ rìmóòtù láìwo ojú rẹ̀, bí ẹni tó mọ ọ̀nà oko rẹ̀ lóru. Wọ́n ní: "DVD ni èyí náà o, Bàbá Ṣẹ́gun. Kì í ṣe Blu-ray. Ojúlówó tó jẹ́ ló fi yàtọ̀ sí tiyín." Ọkùnrin kan dúró sínú òjò níbẹ̀. Mo rí ìlà ara ẹ̀wù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí ẹ̀kán omi kan tó gbá jọ sí etí fìlà rẹ̀, tó gbọ̀n, tó sì já bọ́. Ẹ lè sọ pé ẹ̀rọ tuntun náà ló ń ran àwòrán lọ́wọ́ kí ó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kan náà ló ṣe fún ogún-nínú-ọ̀kan tèmi, imú sì ń rìn lẹ́yìn ojú síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ níbẹ̀ pé n kò ra Blu-ray kankan. Èyí tí wọ́n ní ó ti gbó, ṣé mo ti lò ó ni? Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń dé: ní 1996 ni DVD jáde ní Japan, ní 2006 ni Blu-ray dé, ní 2016 ni 4K tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, bí onílé tó ń bọ̀ wá gba owó ilé. Àwọn tó tilẹ̀ sáré ní ilẹ̀ òkèèrè ra HD DVD, tó bá Blu-ray du ipò nígbà náà, ọwọ́ òfo ni wọ́n bá délé nígbà tí Toshiba jáwọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù Èrèlé 2008. Àwọn tó ń ta á fún wa pàápàá ti ń fà sẹ́yìn: Samsung ti jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ Blu-ray tuntun fún ọjà Amẹ́ríkà láti 2019, Sony sì ṣíwọ́ ṣíṣe àwo Blu-ray òfìfo tí a fi ń gba nǹkan sílẹ̀ ní oṣù Èrèlé 2025. Ìgbà tí onílé ń kó ẹrù jáde ni ọmọ Àlàbá ń sọ fún mi pé kí n wá gba yàrá.

Ọmọ mi ní gbogbo èyí kò tó àríyànjiyàn, pé kí n máa wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Netflix fúnra wọn ló sọ pé àwòrán 4K lè jẹ dátà tó tó 7 GB láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá ń ra dátà fún mi ni mo lè bá jókòó sọ ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó parí sí nìyẹn, bí kì í bá ṣe pé Bàbá Ìbejì ní kí n má tíì lọ. Wọ́n fi àwo 4K kan sí i. Kí n tó rí ohunkóhun ni wọ́n ti ń ṣàlàyé pé ìtànṣán pupa ni wọ́n fi ń ka DVD, pé ìtànṣán tó dà bí àwọ̀ aró ni ti Blu-ray, ó tín-ín-rín ju ti pupa lọ, ó sì lè ka kòtò tó kéré gan-an lójú àwo, òun ló jẹ́ kí àwo 4K lè gba 66 GB tàbí 100 GB láìtóbi ju ti àtijọ́ lọ. (Ẹ̀yin tí àwọn ènìyàn yín ń fi Blu-ray ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀: A ni wọ́n máa ń kọ sí tiwọn, B ni tiwa àti ti Yúróòpù, ẹ̀rọ B sì lè kọ àwo A. 4K ní tirẹ̀ kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.) Mo fọkàn ṣírò iye àmì tó wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù: ti DVD wa níhìn-ín jẹ́ 720 ní ìbú, 576 ní òòró, ìyẹn 414,720, ti 4K jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òòró, ìyẹn 8,294,400. Ẹ pín in wò. Ìlọ́po ogún ni géérégé, kò lé, kò dín. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ogún kan náà tí ọmọ Òṣòdì fi ba DVD jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni ogún tí àwọn yìí ń tà fún mi.

Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan tan àtùpà nínú yàrá kan lójú tẹlifíṣọ̀n, mi ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye àmì mọ́ rárá. Dúdú tó wà lẹ́yìn ìyá náà ló mú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé mọ̀ pé bí a bá fi yíǹkì dúdú nìkan tẹ ilẹ̀ tó fẹ̀, eérú ló máa ń jọ; àfi kí a fi àwọ̀ mẹ́ta yòókù tì í lẹ́yìn kí ó tó jinlẹ̀. Dúdú tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo rí, iná àtùpà náà sì mọ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ bojú, síbẹ̀ mo ń rí ìṣẹ́po aṣọ tó sorí kọ́ nínú òkùnkùn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ìbejì ní HDR ni wọ́n ń pè é, pé DVD kò ní i, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún tó kọjá láti wá irú dúdú yẹn fún ìwé kàlẹ́ńdà ìjọ kan, n kò rí i.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Àwo 4K mẹ́rin péré ni Bàbá Ìbejì ní, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ẹnì kan ti sọ Yorùbá. Èmi fúnra mi kò tíì rí fíìmù Yorùbá kan lórí 4K ní Ìdúmọ̀tà, bí mo ṣe ń dé ibẹ̀ tó. Bí ó bá sì tilẹ̀ dé, mo mọ àwọn ènìyàn wa. Blu-ray onípele kan ń gba 25 GB, bí a bá sì fi òṣùwọ̀n Òṣòdì wọ̀n ọ́n, yóò gba fíìmù mẹ́fà lé lọ́gọ́rùn-ún, èmi náà ni wọn yóò sì gbé bébà rẹ̀ wá bá.

Láàárọ̀ yìí ni ọmọ Àlàbá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti bá mi fi ẹ̀rọ náà pamọ́, pé òun yóò yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń ka DVD, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ ìdáhùn. Ó ní: "Ó ń kà á dáadáa, Ẹ̀gbọ́n. Kódà, èyí tó ní ogún fíìmù nínú, ó máa gbà á." N kò tíì fún un lésì.