Ẹmu náà, ọtí ni

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù dé orí fóònù láàárín àwa awakọ̀ Kàbà: pé ẹmu kì í ṣe ọtí, pé FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ò lè mú awakọ̀ tó mu ún. Irọ́ ni o. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀, tó dùn bí oyin, tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti máa hó lẹ́nu akèrègbè. Ṣúgà rẹ̀ ló ń di ọtí yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ní kí awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí kò mọ ẹmu yàtọ̀ sí bíà. Owó ìtanràn ẹni tó bá mutí wakọ̀ nínú àtẹ FRSC jẹ́ ₦5,000, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 5 lórí láísẹ́ǹsì. Àmọ́ ẹ̀mí èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ká mi lára jù.

Wọ́n tún ní ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ hóònù ló ni ráńdábáòtù. Rárá. Ọkọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ lápá òsì yín, ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọjá.