Ẹ̀gbọ́n tó wà ní procurement kọ́ ló ń pín kọ́ńtíráàtì

Tí ará Kubwa tàbí Nyanya bá ti gbọ́ pé ọmọ ìlú òun kan wà ní ẹ̀ka procurement (ẹ̀ka tó ń bójú tó ríra ọjà ìjọba) ní Sẹkitéríàtì l'Ábújá, ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé jáde: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fi orúkọ sí i." Wọ́n gbà pé ẹni náà ló ń pín kọ́ńtíráàtì bí ẹni ń pín àkàrà sàráà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ òfin ríra ọjà ìjọba tọdún 2007, akọ̀wé ni ẹ̀ka procurement jẹ́ nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Tenders board, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì, ló ń fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá sì bẹ́yìn yọ, akọ̀wé àgbà (permanent secretary) ilé-iṣẹ́ ìjọba náà ni òfin kọ́kọ́ dì mú.

Tó bá jẹ́ ọjà tàbí iṣẹ́ ìkọ́lé, wọ́n á polówó rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn 2 tó kárí orílẹ̀-èdè, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 kí gbèdéke tó pé. Inú àpótí tí wọ́n tì pa ni ìwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń díje ń wọ̀. Èyí tó bá dé lẹ́yìn gbèdéke yóò padà sọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, láìjẹ́ pé wọ́n ṣí i, ì báà jẹ́ gó-sílóò Nyanya ló dá a dúró. Lójú ẹsẹ̀ tí gbèdéke bá pé ni wọ́n á ṣí àpótí ní gbangba. Àwọn tó wá lè yẹ àpò ìwé wò bóyá ẹnìkan ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n á ka orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye tó dá sókè, lójú àwọn alákìíyèsí 2 tó wá láti ìta. Níbo ni ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ ráyè fi orúkọ sí i?

Ẹni tó dá owó tó kéré jù pàápàá lè pàdánù. Ẹni tówó rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn tó kúnjú ìwọ̀n ló ń jẹ ẹ́. Ìwé-ẹ̀rí PenCom (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́), ITF (owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), NSITF (owó ìdójútòfò òṣìṣẹ́) tàbí ti owó-orí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ti gbé ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ṣubú kí wọ́n tó débi iye owó.

Ibi tí agbára wà gan-an ni kíkọ àpèjúwe ọjà. Bí wọ́n bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, tí wọ́n wá kọ ìwúwo àti fífẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìdíje ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ibòmíràn ni gígé iṣẹ́ kan sí kéékèèké kó má bàa kọjá iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, láìsí owó ìtanràn, ni fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ṣe é, wọ́n á sì lé e níṣẹ́.

Ẹni tó bá rí i pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15, láti ìgbà tó ti mọ̀, tó lè fi kọ̀wé ẹ̀sùn. Akọ̀wé àgbà ni kó kọ ọ́ sí.