Torí àtidín epo kù kọ́ ni wọ́n ṣe fi mọ́tò iná sínú NSX

Ẹni tó bá ti gbọ́ "hybrid", ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò iná pọ̀, epo ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ó yé mi. Camry àti Lexus ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í mu epo púpọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé Honda ba NSX, ọkọ̀ eré wọn, jẹ́ nígbà tí wọ́n ki bátìrì bọ̀ ọ́, pé wọ́n sọ ọkọ̀ eré di ọkọ̀ aṣọ́-epo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

NSX kejì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Marysville, ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 2016, ní ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.5 àti tọ́bò méjì (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i) lẹ́yìn awakọ̀. Mọ́tò iná mẹ́ta ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíá. Òun ló ń ti ọkọ̀ lọ kí tọ́bò tó jí dáadáa. Méjì yòókù wà níwájú, táyà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kò sì sí ọ̀pá irin kankan tó ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì dé ibẹ̀. Ọgbọ́n náà gan-an nìyẹn! Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà sí òsì, mọ́tò ọ̀tún á ti táyà tirẹ̀ síwájú, ti òsì á fa tirẹ̀ sẹ́yìn, imú ọkọ̀ á sì yí wọlé. Bíréèkì lè di táyà kan mú, àmọ́ kò lè ti èkejì síwájú.

Epo wá ńkọ́? EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, kọ máìlì 21 fún gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, 22 lójú márosẹ̀. Ta ni yóò torí ìyẹn ra ọkọ̀ olówó ńlá? Ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ìwúwo: ó wúwo ju NSX ti 1990 lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò, ẹni tó bá sì torí ìyẹn yan ti àkọ́kọ́ kò jẹ̀bi lójú mi.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n tún ṣe lára rẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kí wọ́n tó dáwọ́ títò rẹ̀ dúró ní 2022. Ní 2019, horsepower 573 tó ní tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì ni wọ́n mú le sí i, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún níwájú, 19 lẹ́yìn. Wọ́n fi táyà Continental tuntun sí i, wọ́n sì tún ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn mọ́tò náà ṣe. Honda ní ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní pápá ìdíje ọkọ̀ Suzuka ní Japan. Ní 2020 àti 2021, ọ̀dà tuntun ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n mú wá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yà NSX tí wọ́n pè ní Type S dé ní 2022, 350 péré ni wọ́n ṣe, horsepower 600. Tọ́bò ọkọ̀ ìdíje wọn, GT3 Evo, ni wọ́n gbé sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní ti iná, wọ́n mú kí agbára tó ń ti inú bátìrì jáde lọ sókè ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì yí gíá mọ́tò iwájú (iye ìgbà tí mọ́tò ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) láti 8.05 sí 10.38, kí táyà iwájú lè já ọkọ̀ kúrò lójú kan kíkankíkan.