Ẹmu Inú Gíláàsì

Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń hó nínú mi. Gbogbo yín ni ẹ ti rí àwòrán ilé ọtí tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ wọn, kí n má baà bá wọn polówó lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ló ní kí a lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Mo béèrè ẹmu. Ohun tí ọmọkùnrin tó ń gbé ọtí gbé wá ni gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, tí yìnyín gba ìdajì rẹ̀, tí ewé kan tó jọ efinrin sì léfòó lójú rẹ̀, ₦4,000. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn bí omi ṣúgà. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n dá ẹmu náà, ó ní láàárọ̀ ni. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀, tí kò tíì kan rárá ní agogo 7 alẹ́! Ẹni tó bá ti bá adẹ́mu gbé rí mọ̀ pé ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, bí àwọn oníbàárà wa ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ègé 6 ni àsun wọn (mo kà á), ₦9,500, kò sì rùn èéfín rárá, nítorí pé inú epo ni wọ́n ti dín ohun tí àwọn ará Oǹdó ń fi iná sun. Ẹmu 2 àti àsun kan, pẹ̀lú VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ohun tí wọ́n pè ní owó ìtọ́jú, lé ní ₦20,000. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé kí ẹni tí kò lówó jókòó sílé, mo ti gbọ́ yín.

Bí a ṣe ń lọ sílé ni mo ń sọ pé ìsọ̀ ẹlẹ́mu tó wà lẹ́yìn ilé wa sàn jù wọ́n lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ jókòó níbẹ̀ kẹ́yìn?"

N kò jókòó níbẹ̀ rí. Inú ike ni mo máa ń rà á sí, tí mo sì máa ń yára gbé e wọlé, nítorí bí àwọn ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ṣe máa ń dákẹ́ lójijì bí mo bá ti yọ. Ní Bódìjà, àwa obìnrin méjì jókòó fún wákàtí 3, ẹnikẹ́ni kò sì wò wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ti ń béèrè nípa ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. N kò tíì dá a lóhùn.