Pàṣán ò lè wo ọkàn ọmọ sàn, ẹ gbé olùdámọ̀ràn wá sí iléèwé pùrámárì

Kò sí iléèwé pùrámárì kan nílẹ̀ Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tẹ́ ẹ máa dé tí àwọn tísà ò ní ní ọmọ kan lẹ́nu. Òun ló lu ẹnìkejì ẹ̀, òun ló fa ìwé ya, òun ló sá jáde ní kíláàsì tí wọ́n lọ bá a nídìí igi máńgòrò, tí wọ́n bá sì ní kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀ á kàn wolẹ̀ ni, kò ní sọ nǹkan kan. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè tí nǹkan bá sọnù, kódà lọ́jọ́ tí kò wá. Nílé náà bákan náà ni. Ìyá á ní ó ti sú òun, bàbá á ní ìyá ló bà á jẹ́, ìyá àgbà á ní kí wọ́n lọ wádìí ọmọ yìí wò o, ó jọ pé ó lẹ́gbẹ́. Wọ́n á nà án, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí àfáà, tí gbogbo ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á di ẹrù ẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí kan lábúlé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ o.

Ohun tí àwa ń sọ ò lọ́jú pọ̀: ìtọ́jú wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà nítòsí wa níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kù kó gbé e dé ibi tí òbí á ti rí i láìwọ mọ́tò méjì, ìyẹn iléèwé pùrámárì àti hẹ́líìtì sẹ́ńtà àdúgbò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ títọ̀ sílé, torí kò sí agboolé tí kò ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọmọ ọdún méje tó ti jáwọ́ ńbẹ̀ tipẹ́ ló dédé bẹ̀rẹ̀ padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni pé kí wọ́n ní kó ru ẹní ẹ̀ yí àdúgbò ká, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa kọrin atọ̀ọ́lé, ìtọ̀ á máa kán sí i lọ́rùn látinú ẹní, omijé á máa dà lójú ẹ̀, àgbàlagbà tó jókòó síwájú ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ìpayà ò ní jẹ́ kó sùn, nígbà tí oorun bá wá jí i gbé ní ìdájí, ó ti tún tọ̀ ọ́ nìyẹn. Dókítà tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ ọmọ wò bóyá kòkòrò ló wà níbẹ̀ tàbí àtọ̀gbẹ ni, tí kò bá rí nǹkan kan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lásìkò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n bí àbúrò lé e ni? Ṣé bàbá ti kó jáde? Ṣé ẹnì kan kú? Ta ló ń sùn sí yàrá pẹ̀lú ẹ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, òbí púpọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n bi àwọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń wà nígbà míì.

Kì í ṣe atọ̀ọ́lé nìkan. Ọmọ tí inú ń run láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé ṣùgbọ́n tí kì í run ún ní Sátidé, ọmọ tí kò lè jókòó tí wọ́n bá ń kọ́ wọn, ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò látìgbà tí màmá ẹ̀ ti rìnrìn àjò, èyí tó ń gé ara ẹ̀ ní bíléèdì tó wá ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru. Àti èyí tó kàn dákẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́, òun la máa ń yìn pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, a ò sì ní yíjú sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Ẹ gbé e wọ kíláàsì JSS kan tó ní ọmọ 42, ọmọ mẹ́fà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ tẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tàbí eré ṣe, wèrè ló ń sọ sí àwọn èèyàn wa lọ́kàn, àbí kí wọ́n ní nǹkan àwọn olówó Èkó ni. Ẹ wo bó ṣe rí ná. Yàrá kékeré kan ni, ẹní wà nílẹ̀, bébà àti kíréyọ́nù wà ńbẹ̀, bèbí, mọ́tò kékeré, ilé tí wọ́n fi páálí ṣe. Tẹ́rápísìtì ò ní ka ìbéèrè bo ọmọ mọ́lẹ̀ bí ọlọ́pàá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀, á ní kó ya gbogbo ará ilé wọn fóun. Ọmọ á ya màmá, á ya àbúrò tí wọ́n gbé pọ̀n, á wá ya ara ẹ̀ bíńtín sí kọ̀rọ̀ bébà. Bàbá ńkọ́? Á dákẹ́. Àwòrán yẹn kì í ṣe ẹ̀rí tí wọ́n á gbé lọ sí kóòtù, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ á gbà jáde lásán ni, torí ọmọ tí kò lè lanu níwájú hẹ́dímásítà máa ń fi bèbí sọ gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí. Ohun tó bá sọ ò ní jáde níbẹ̀ àyàfi tí ewu bá ń bẹ fún un, nígbà yẹn ó di dandan kí wọ́n sọ fún ẹni tó lè dáàbò bò ó. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń bá wọn sọ, wọ́n á kọ́ ọ kó mọ ohun tí ara ẹ̀ ń ṣe kí ìbínú tó gùn ún, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á di ẹ̀ṣẹ́, kó mọ bó ṣe máa mí kanlẹ̀, kó kúrò níbẹ̀ kó tó fọ nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kan parí.

Tó bá wá jẹ́ ọmọ kékeré tó ń ya pòkíì, tí kì í gbọ́ràn, òbí gan-an ni wọ́n máa ń kọ́ jù. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lójúmọ́, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ jókòó ti ọmọ níbi eré tí òun fúnra ẹ̀ bá yàn, kò sí àṣẹ, kò sí ìbéèrè, kò sí pé ẹ wo orí ẹ. Tó bá ṣe dáadáa ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an, pé o káre tó o fún àbúrò ẹ ní bọ́ọ̀lù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán an níṣẹ́, ẹ sún mọ́ ọn, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Wàhálà kéékèèké tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí i, ṣùgbọ́n tó bá lu èèyàn, ohun tẹ́ ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀ ni kó ṣẹlẹ̀, lónìí, lọ́la, bóyá ẹ wà nínú ayọ̀ ni o, bóyá ọjà ò tà ni o. Èyí ò rọrùn fún màmá tó ti dúró nínú oòrùn Ọjà Tuntun láti àárọ̀, a mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan wà tó máa fara balẹ̀ kọ́ ọ, tí ò kàn ní máa bú u pé kò tọ́ ọmọ.

Àwọn tó ń ní àṣà òyìnbó ni kí wọ́n rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ. Láti 1954 ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ló ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí wọn á bá wọn wá, wọ́n á jọ máa gbé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbàtọ́jú, kò sì lé àwọn babaláwo sẹ́yìn. Gbogbo ayé ló wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ẹbí wà nídìí ìtọ́jú, ọmọ Yorùbá ló fi hàn ayé pé ó ṣeé ṣe.

Ọsibítù ńlá ò wọ́n wa níbí. Ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, OAU, wà n'Ífẹ̀, Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀ wà n'Íléṣà, yunifásítì ọ̀hún ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn iléèwé. N'Íbàdàn tí kò jìnnà, láti 2011 ni wọ́n ti dá sẹ́ńtà kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń bọ̀ láti Ifẹ̀tẹ̀dó á fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀, á san owó mọ́tò, á tò títí ọ̀sán, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ló máa wá, ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní wá mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà ò ju ọgọ́rùn-ún bíi mélòó kan lọ, a sì ti lé ní 200 mílíọ̀nù, àwọn míì sì ń jápa lójoojúmọ́. Tá a bá ní ká máa dúró de dókítà, àwọn ọmọ yìí á ti di bàbá ọmọ.

Ọ̀nà míì wà tí wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ ní Ọ̀ṣun níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ fi ìwé ìtọ́nisọ́nà WHO kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ hẹ́líìtì sẹ́ńtà tó fẹ́ẹ̀ tó 200 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, kí wọ́n lè dá àìsàn ọpọlọ mọ̀ kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀, wọ́n tẹ àbọ̀ ẹ̀ jáde ní 2015, ó sì ṣeé ṣe. Kí ló dé tá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọdé? Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí iléèwé ní olùdámọ̀ràn tipẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ti ní kó máa kọ́ ọmọ ní civic, tí wọ́n bá sì rán ọmọ sí ọ́fíìsì ẹ̀, ìyà ni ọmọ ń retí. Ti pùrámárì, ẹ má wulẹ̀ wá a.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ẹgba ni wọ́n fi tọ́ àwa náà, kò pa wá. Kò pa wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín 1997 sí 2000 tí Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ kọjú ìjà síra wọn, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, wọ́n rí iná, wọ́n rí òkú, wọ́n sá tọ ìyá wọn lẹ́yìn nínú òru. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ a tún ilé kọ́, a ṣí iléèwé, ẹni mélòó ló jókòó ti àwọn ọmọ yẹn bi wọ́n pé kí lẹ rí? Wọ́n ti di òbí báyìí. Nígbà tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá ń fi bẹ́líìtì na ọmọ títí tó fi dákú, inú burúkú nìkan kọ́ ló ń bá jà.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àfáà wa, ẹ máa gbàdúrà, a ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Ẹ̀yin làwọn òbí kọ́kọ́ ń wá bá, ọ̀rọ̀ yín sì ń wọ̀ wọ́n létí ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ dé ọsibítù. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìwà ọ̀daràn ni, kò sí orúkọ míì.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ọ́ ní kedere pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìlera tara àti tọpọlọ tó dára jù tí ọwọ́ bá lè tó. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí gómìnà máa gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin l'Óṣogbo, a fẹ́ rí owó oṣù olùdámọ̀ràn fún iléèwé pùrámárì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Mọdákẹ́kẹ́ àti Iléṣà méjèèjì, kí olùdámọ̀ràn kan máa yí iléèwé bíi mẹ́ta mẹ́rin ká ná, kó má sì kọ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kankan. A fẹ́ kí kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ àti ti ìlera jọ jókòó pẹ̀lú OAU lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn á ṣe máa wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá wọn láwọn iléèwé yìí. Kí ínṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ sì máa san owó tẹ́rápì ọmọdé, kó má jẹ́ owó dókítà àti oògùn nìkan.